Mẹ́gà àti Iná Tó Fara Pamọ́ Sínú Kébù

Mẹ́gà ni àwọn oníṣẹ́ iná ní Nàìjíríà ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èèpo wáyà wò, yálà èèpo náà jẹ́ ike tó bo wáyà inú ilé, èyí tó bo kébù abẹ́ ilẹ̀, tàbí bébà àti ọ́ìlì tó wà nínú ikùn tíránsífọ́mà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni èèpo yìí ń ṣe: kì í jẹ́ kí iná yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Níbi tó bá ti sán, tí omi ti ráyè wọ̀ ọ́, tàbí tí ooru ti mú un gan, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀ bí omi inú ìkòkò tó là, títí di ọjọ́ tí kébù á bú gbàmù, tàbí tí ara irin tíránsífọ́mà á di ohun tí èèyàn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Mítà kékeré tí ẹlẹ́tíríṣànì máa ń gbé sápò kò lè rí irú àbùkù bẹ́ẹ̀. Fọ́ltì bíi mélòó kan péré ni bátìrì rẹ̀ ní, ojú tó sì là lára èèpo kì í ṣí fún agbára tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró lọ́dọ̀ fọkanáísà rí á mọ ìdí rẹ̀. Bí fọkanáísà bá ti tíúbù tí kò ní afẹ́fẹ́ bọ inú omi, kò ní rí ibi tó ti jò. Àfi kó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ kó le dáadáa, ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ á máa hó jáde lójú ihò. Bí mẹ́gà náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Iná 500, 1,000, 2,500 tàbí 5,000 fọ́ltì ló ń tì lu èèpo wáyà, á wá wọn ìwọ̀nba tó jò kọjá. Fọ́ltì gíga yìí tó ń tú àṣírí àbùkù ni ó tún lè pa ẹni tó ń lo ẹ̀rọ náà, bí kò bá mọ bó ṣe yẹ kó lò ó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ náà ti wá. Sydney Evershed àti Ernest Vignoles ló gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó ṣeé gbé káàkiri jáde lọ́dún 1889. Ní 1903 ni wọ́n fi orúkọ Megger sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí orúkọ ọjà wọn, látinú mẹ́góòmù, ìyẹn mílíọ̀nù kan óòmù, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe lè dènà iná tó. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ṣì wà, àmọ́ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ iná, mẹ́gà ti di orúkọ gbogbo ẹ̀rọ irú rẹ̀, bí Omo ṣe di orúkọ gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ. Ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ní apá irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èèyàn á máa fi ọwọ́ yí kíkankíkan kí iná tó jáde. Ti òde òní ń lo bátìrì tó ṣeé gba iná sí, ojú gíláàsì rẹ̀ sì ń kọ nọ́ńbà jáde.

Àjàó Estate, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oshodi-Isolo nílùú Èkó, jẹ́ ibi tí iṣẹ́ mẹ́gà kì í tán. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, ilé àdáni, hòtẹ́ẹ̀lì, ọ́fíìsì, ilé ìkẹ́rùsí àti ilé ìwé sì fara kanra níbẹ̀. Ikeja Electric, tó gba iṣẹ́ pínpín iná lọ́wọ́ PHCN, ilé iṣẹ́ iná ìjọba àpapọ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2013, ló ń mú iná dé àdúgbò náà. Ìpele ìpele ni iná ń gbà sọ̀ kalẹ̀. 132,000 fọ́ltì á di 33,000 ní ibùdó ńlá, 33,000 á di 11,000 ní ibùdó kejì, tíránsífọ́mà tó wà ní òpópónà á wá sọ 11,000 di 415 àti 230 tí ilé ń lò. Ní gbogbo ìpele yìí, èèpo kan ló ń ya iná sọ́tọ̀ kúrò lára èèyàn.

Ohun tó ń ba èèpo náà jẹ́ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Èkó. Òjò oṣù kẹfà ń wọ ilẹ̀, ti oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá á tún padà wá bá a. Omi tó bá rí ojú kékeré lára ike kébù á máa wọ inú rẹ̀ bọ̀ lọ́dọọdún, á sì máa la ẹ̀ka tóóró tóóró bí igi, tó fi jẹ́ pé igi omi ni àwọn onímọ̀ ń pe àbùkù náà. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ fún páìpù omi tàbí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì á fi díígà tàbí ṣọ́bìrì gún kébù, á sì da iyẹ̀pẹ̀ bò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tíránsífọ́mà tí àwọn ará àdúgbò dáwó rà á wà lórí ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbé e sórí ìpìlẹ̀, ọ̀rinrin á sì ti ráyè dé inú rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ń béèrè pé kí wọ́n gbé mẹ́gà wá kí wọ́n tó tan iná.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà, ó gbọ́dọ̀ mọ fọ́ltì tó yẹ. Wáyà ilé 230 fọ́ltì ń fẹ́ 500. Ìwé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní BS 7671, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́tíríṣànì kọ́ níṣẹ́, ní èsì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí mẹ́góòmù 1. Kébù àti tíránsífọ́mà 11,000 fọ́ltì ń fẹ́ 2,500 tàbí 5,000. Ẹni tó bá ti 5,000 lu wáyà ilé lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá ihò sí èèpo tí kò ní àbùkù tẹ́lẹ̀. Nínú ilé, kódà 500 náà pọ̀ jù fún tẹlifíṣọ̀n, ínfátà, gílóòbù LED àti ẹ̀rọ tó ń dáàbò bo fìríìjì, nítorí náà gbogbo wọn ni a gbọ́dọ̀ yọ kúrò lára wáyà kí àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Onílé tó bá gbàgbé ínfátà sára wáyà lè ti sọ ọ́ di aláìwúlò kí ẹlẹ́tíríṣànì tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

Pípa iná ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe iná NEPA (bí a ṣe ń pe iná tó ń ti ibùdó wá) nìkan ni ó yẹ kí a pa. Ibí yìí ni ìwé ìlànà òyìnbó kò ti bá Àjàó Estate mu tán. Ní ìlú tí iná kì í lọ, bí wọ́n bá ti gé iná láti ibùdó, ó sábà máa ń jẹ́ pé wáyà ti kú nìyẹn. Ní Èkó, ilé tó wà lára wáyà kan náà lè ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, ínfátà lábẹ́ àtẹ̀gùn àti páńẹ́lì oòrùn lórí òrùlé. Bí ṣéǹjófà ilé kan, ìyẹn súwíìṣì tó ń pààrọ̀ iná NEPA sí jẹnẹrétọ̀, bá ti bàjẹ́, tàbí tí ẹnì kan fi wáyà onírin méjì so jẹnẹrétọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná rẹ̀ á gba ẹ̀yìn padà sí ojú ọ̀nà. Bó bá dé tíránsífọ́mà, iṣẹ́ tí tíránsífọ́mà ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni á ṣe, àmọ́ ní ìdàkejì: 230 fọ́ltì jẹnẹrétọ̀ kékeré á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́ltì lápá òkè, níbi tí oníṣẹ́ ti gbà pé iná ti kú. Kò sí ewu kan nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó yẹ kí ará àdúgbò ṣọ́ra fún ju èyí lọ, torí pé ọwọ́ ará àdúgbò fúnra wọn ló wà.

Nítorí náà ni òfin márùn-ún kan ṣe wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ilẹ̀ Jámánì fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn, tó sì ti tàn ká ayé. Kí a gé iná kúrò ní gbogbo ọ̀nà tó lè gbà wọlé. Kí a rí i pé kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ti kú lóòótọ́. Kí a so ó mọ́ ilẹ̀, kí a sì so gbogbo ojú wáyà pọ̀. Kí a bo ohunkóhun tí iná ṣì wà lára rẹ̀ nítòsí. Ìkejì ni àwọn èèyàn máa ń fojú tín-ín-rín jù. Àgádágodo ni wọ́n ń fi sí súwíìṣì tí wọ́n pa, àpò ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Káàdì tí a kọ ọ̀rọ̀ sí nìkan kò tó, nítorí afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, ẹni tí kò mọ ìwé kà sì lè dé.

Ìkẹta náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà lára wáyà 11,000 lè ti bàjẹ́, kó sì dákẹ́ níbi tó yẹ kó ké. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ọ̀pá náà kan ibi tó dá a lójú pé iná wà, á fi kan ibi tó fẹ́ ṣiṣẹ́, á tún padà fi kan ibi àkọ́kọ́. Bó bá ké lẹ́ẹ̀mejì tó dákẹ́ láàárín, ìdákẹ́ náà ṣeé gbára lé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá tú kébù kúrò lára tíránsífọ́mà àti súwíìṣì lápá méjèèjì, kí mẹ́gà má bàa máa wọn nǹkan mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n á fi aṣọ gbígbẹ nu orí kébù àti àwọn ìkòkò amọ̀ funfun tó wà lórí tíránsífọ́mà, torí pé eruku tí ìrì ti rẹ lè mú kí èsì burú láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe èèpo inú. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé orí kébù méjì ti wà ní ìta gbangba, ọ̀kan lọ́dọ̀ oníṣẹ́, ìkejì bóyá ní kìlómítà kan sí i, nínú ọgbà tíránsífọ́mà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹnì kan ti ń ta káàdì fóònù. Bí mẹ́gà bá tan, fọ́ltì kan náà ló máa wà lápá méjèèjì. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ò lè rí ẹni tó wà lọ́hùn-ún, nítorí náà kò sí bí wọn ò ṣe ní fi olùṣọ́ síbẹ̀. Olùṣọ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ mìíràn. Okùn pupa ni wọ́n á fi yí ibẹ̀ ká, òun á sì dúró síta okùn náà, fóònù tàbí rédíò á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọ̀gá tó tan ẹ̀rọ, ó gbọ́dọ̀ sọ fún un, kó sì gbọ́ ìdáhùn. Bí fóònù kò bá lọ, àyẹ̀wò kò bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń ti kíláàsì bọ̀ kì í sì í ṣe ìgbà tó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa lọ lójú títì.

Wáyà méjì tàbí mẹ́ta ló ń jáde lára mẹ́gà. Èyí tó ń lọ sí ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ so, èyí tó ń gbé fọ́ltì sì kẹ́yìn, bí wọ́n bá sì ń tú wọn, èyí tí wọ́n so kẹ́yìn ni á kọ́kọ́ kúrò. Ẹ̀kẹta wà fún mímú kúrò nínú ìṣirò iná tó bá ń gba ojú ìdọ̀tí orí kébù kọjá, ó sì wúlò púpọ̀ ní ìlú tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ bíi ti Èkó. Wáyà tí èèpo tirẹ̀ ti sán tàbí tí wọ́n fi téépù lẹ̀ kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó lè dènà fọ́ltì tí wọ́n fẹ́ lò ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n sì máa ń fẹ́ ẹ bíi bàlúùnù kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, láti mọ̀ bóyá ó jò. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ di orí wáyà mẹ́gà mú nígbà tí ẹ̀rọ bá tan. Orí kílíìpù ni wọ́n ń fi há a sí, ọwọ́ á sì kúrò níbẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ti tan, nọ́ńbà ojú rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, iná púpọ̀ ń wọ inú kébù bí ìgbà tí a ń pọn omi sínú àgbá, èsì á sì kéré. Bí àgbá bá ṣe ń kún, ohun tí ẹ̀rọ ń rí á máa súnmọ́ iná tó ń jò nìkan, èsì á sì máa gòkè. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ kì í fi ka nọ́ńbà àkọ́kọ́. Wọ́n ń kà á ní ìṣẹ́jú 1, wọ́n á tún kà á ní ìṣẹ́jú 10, wọ́n á sì fi ti àkọ́kọ́ pín ti ìkejì. Fún wáyà inú mọ́tò iná ńlá àti jẹnẹrétọ̀ ńlá, ìlànà IEEE 43 tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná àgbáyé gbé jáde sọ pé ohun tó bá jáde kò gbọdọ̀ dín sí 2 fún ọ̀pọ̀ jù lọ èèpo òde òní. Bí nọ́ńbà bá dúró lójú kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò sì pọ̀, ọ̀rinrin tàbí ìdọ̀tí ti wọlé. Ooru náà ń kó sí i: bí ooru bá fi 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius pọ̀ sí i, èsì sábà máa ń dín sí ìdajì. Èsì tí wọ́n bá kọ láìkọ bí ooru ṣe rí lọ́jọ́ náà kò lè ran ẹni tó bá tún fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Pípa ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iṣẹ́ parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ewu tó tóbi jù fún oníṣẹ́ wà. Mẹ́gà fúnra rẹ̀ kì í tú ju mílíámpíà mélòó kan jáde, ìyẹn sì dín sí 10 tó lè mú kí ọwọ́ èèyàn há mọ́ wáyà kó má lè tú u. Àmọ́ kébù kò ní irú ìkóra-ẹni-níjàánu bẹ́ẹ̀. Wáyà tó wà láàárín, èèpo tó bò ó, àti irin tó tún wà lókè èèpo ti sọ kébù di àgbá tó ń kó iná pamọ́. Gbogbo ohun tí mẹ́gà rọra dà sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 ni kébù lè tú dà sára èèyàn lójú ẹsẹ̀ tó bá fọwọ́ kàn án.

Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Kébù 11,000 fọ́ltì tó gùn ní kìlómítà 2 lè gba nǹkan bíi 0.6 máíkírófárádì. Bí wọ́n bá fi 5,000 fọ́ltì dán an wò, agbára tó kó pamọ́ jẹ́ joule 7.5, ó sì tó láti ju oníṣẹ́ kan bọ́ láti orí àkàbà. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ńlá tì í dé 20,000 fọ́ltì, agbára náà kì í di ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po 16 ló ń dà, joule 120. Láàárín 120 sí 360 ni ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń ta ọkàn aláìsàn jí ń tú jáde. Ohun tó ń gba ọkàn tó ti dàrú là lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ohun náà tó lè da ọkàn tó ń lù geerege rú nínú kòtò kébù.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tú iná inú kébù sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Mẹ́gà òde òní ń ṣe é fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ pa, ojú rẹ̀ á sì máa kọ fọ́ltì tó ṣẹ́ kù. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni bí àwọn kan ṣe ń kánjú já wáyà ẹ̀rọ kúrò kí nọ́ńbà náà tó dé òdo, tí wọ́n á sì ti fọwọ́ ara wọn gé ọ̀nà tí iná ń gbà jáde. Ẹ̀rọ aláfọwọ́yí àtijọ́ kì í tú iná sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn tó ṣì ń lò ó sì gbọ́dọ̀ rántí èyí nígbà gbogbo. Fún fọ́ltì tó ga, ọ̀pá gígùn kan wà tí ohun tó ń dín agbára iná kù wà nínú rẹ̀. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi kan kébù, kí iná rọra ṣàn lọ sínú ilẹ̀, kó tó kan wáyà nínípọn tí á so kébù mọ́ ilẹ̀ tààrà. Fífi wáyà lásán gbá orí kébù kí ó lè tanná jáde, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn, lè ba èèpo kébù jẹ́, ó sì ń gbé ọwọ́ ẹni súnmọ́ ibi tí kò yẹ.

Bí kébù ti dé òdo, kò tíì tán. Iná tó ti rì wọ inú èèpo ń pẹ́ kó tó jáde. Bí wọ́n bá so kébù mọ́ ilẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí wọ́n sì tú u, kébù náà á tún jí, fọ́ltì á sì yọ jáde lára rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ kankan nítòsí. Ìlànà IEEE 43 sọ pé ìlọ́po mẹ́rin àkókò tí wọ́n fi dán nǹkan wò, ó kéré tán, ni ó yẹ kó fi wà lára ilẹ̀. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú 10 ń béèrè ìṣẹ́jú 40. Àkókò yìí kì í dùn mọ́ ará àdúgbò tó ti wà nínú òkùnkùn láti ìjẹta, tó sì ń bi àwọn oníṣẹ́ pé kí ni wọ́n jókòó tì. Ohun tí wọ́n jókòó tì nìyẹn. Èyí tó tún sàn jù ni kí wáyà ilẹ̀ má kúrò lára kébù títí wọn á fi so ó padà.

Nígbà tí kébù tuntun bá wà nílẹ̀, tàbí tí wọ́n tún kébù tó já so, mẹ́gà nìkan kò tó. Wọ́n ń fẹ́ mọ̀ bóyá èèpo náà lè fara da ju fọ́ltì tí á máa gbé lójoojúmọ́ lọ. Ní ayé kébù oníbébà, iná tó ń ṣàn lọ́nà kan ṣoṣo bíi ti bátìrì ni wọ́n ń lò. Ike tí wọ́n ń pè ní XLPE, tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ṣàwárí ní 1963, yí ọ̀rọ̀ padà. Irú iná bẹ́ẹ̀ ń há sínú ike tó ti gbó tí igi omi sì ti hù nínú rẹ̀, kébù á yege àyẹ̀wò lónìí, á sì bú nígbà tí wọ́n bá da iná padà sí i. Nítorí náà ni ẹ̀rọ VLF ṣe dé, tó ń yí iná padà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 10, dípò ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan bíi ti iná NEPA. Torí pé ó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀, agbára tó nílò kéré ní ìlọ́po 500, ẹ̀rọ tí ì bá kún ọkọ̀ akẹ́rù sì di ohun tí èèyàn méjì lè gbé. Fún kébù 11,000, nǹkan bíi 19,000 fọ́ltì ló máa ń tì sí i fún ìdajì wákàtí sí wákàtí kan.

Ẹ̀rọ míì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wá ojú ibi tí kébù ti já lábẹ́ ilẹ̀. Á kó iná jọ sínú kàpásítọ̀, á sì jù ú sínú kébù lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan á tún jù ú. Níbi tí kébù ti já, iná á fò, ilẹ̀ á sì máa dún gbì, gbì, gbì, ẹni tó ń fi etí ẹ̀rọ gbọ́ á sì tọ ìró náà dé ibẹ̀. Ó lè jẹ́ 32,000 fọ́ltì, ó sì lè ju joule 2,000 lẹ́ẹ̀kan. Èyí kò ní àánú bíi ti mẹ́gà. Ẹni tí kò bá gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ tàn án, ẹnì kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ dá a lò. Ara irin ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ wà lára ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú irin kébù, wáyà tí wọ́n fi so ó gbọ́dọ̀ kúrú kó sì nípọn, torí pé bí wáyà yìí bá dẹ̀, ara ẹ̀rọ tí oníṣẹ́ gbé ọwọ́ lé ni fọ́ltì á gbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń fún ẹ̀rọ ní iná náà á wà lára ilẹ̀ kan yẹn. Bọ́tìnì pupa tó ń pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ẹni kejì lè tó. Súwíìṣì tó ń pa ẹ̀rọ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí, wọn kì í fi wáyà tàn án jẹ, bó ti wù kó máa yọ wọ́n lẹ́nu tó.

Ọ́ìlì tíránsífọ́mà náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀. Wọ́n ń bù ú sínú ago kan tí irin méjì wà nínú rẹ̀, àlàfo mílímítà 2.5 sì wà láàárín wọn. Ẹ̀rọ á máa gbé fọ́ltì lọ sókè ní 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan títí iná á fi fò láti irin kan sí èkejì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n á sì mú ìpíndọ́gba rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà IEC 60156 ti là á sílẹ̀. Ọ́ìlì tuntun kò gbọdọ̀ fàyè gba iná kó tó dé 30,000 fọ́ltì. Ago náà kò ju ago tíì lọ, èyí sì máa ń mú kí àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ orí tábìlì ni. Fọ́ltì tó wà nínú rẹ̀ ju ti wáyà òpópónà lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ìdérí rẹ̀ ló ń gba ẹ̀mí là, ẹ̀rọ tí ìdérí rẹ̀ kò bá pa á nígbà tó bá ṣí kò yẹ ní títàn.

NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin rẹ̀ jáde ní 2015, ló ní àṣẹ láti yẹ àwọn ohun èlò iná wò kí wọ́n tó tàn wọ́n, àjọ náà sì ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé àṣẹ ní ìpele ìpele. Ẹni tó mọ wáyà ilé so dáadáa lè má ní àṣẹ láti fọwọ́ kan 11,000 fọ́ltì, ìyẹn kò sì bu ọlá rẹ̀ kù. Ará àdúgbò tó bá dáwó ra tíránsífọ́mà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé èsì mẹ́gà àti ti ọ́ìlì, pẹ̀lú ọjọ́, ooru àti fọ́ltì tí wọ́n lò. Àwọn náà ní iṣẹ́ tiwọn lọ́jọ́ àyẹ̀wò: kí wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ tí ṣéǹjófà rẹ̀ kò dá wọn lójú, kí ọmọdé jìnnà sí ọgbà tíránsífọ́mà, kí ẹnikẹ́ni má sì gé okùn pupa kọjá nítorí pé ó fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá.

Bí iná bá gbé ẹnì kan, ẹni tó sáré fọwọ́ fà á lè di ẹni kejì tó kú. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì pupa, wọ́n á so kébù mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Bí kò bá mí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láyà lójú ẹsẹ̀ láìdúró, ẹlòmíràn á sì pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí iná gbé tó sì dìde fúnra rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ dé ọsibítù, torí pé ọkàn lè dàrú lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.

Bí ohun gbogbo bá lọ bó ṣe yẹ, wọ́n á so orí kébù padà, wọ́n á ka irinṣẹ́ wọn, wọ́n á sì ka wáyà ilẹ̀ tí wọ́n gbé wá lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀kan tí wọ́n bá gbàgbé sára kébù lè mú kó bú gbàmù lójú ẹsẹ̀ tí ibùdó bá dá iná padà. Ẹni tó ṣọ́ apá kejì á kúrò nídìí rẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀gá bá pè é. Ẹni tó ti àgádágodo ni á ṣí i fúnra rẹ̀. Wọ́n á kọ èsì sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni ibùdó á dá iná padà sí àdúgbò.